Olùkọ́ Ìṣirò Tó Dúró Létí Omi

Ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí pé aláwọ̀ dúdú kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́? Èmi náà ti gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká bi ìtàn wò.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1964, àwọn aláwọ̀ dúdú àti funfun jọ bẹ́ sínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan ní St. Augustine, ní Florida, láti fi tako ìyàsọ́tọ̀. Máníjà òtẹ́ẹ̀lì náà da ásíìdì sínú omi. Bí wọ́n bá ń lé bàbá kúrò nínú omi, níbo lọmọ ó ti kọ́ ọ?

Ní 1971, olùkọ́ ìṣirò kan, Jim Ellis, dá ẹgbẹ́ PDR sílẹ̀ ní Philadelphia fáwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú. Adágún ìjọba ìlú ni wọ́n ń lò. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ rẹ̀ ń díje níbi tí Amẹ́ríkà ti ń ṣa àwọn tó máa lọ Olympics. Wọ́n fi ìtàn rẹ̀ ṣe fíìmù Pride ní 2007.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ó lo ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ọjọ́ ìdíje nìkan lọ̀pọ̀ wa máa ń wá pàtẹ́wọ́. Àárọ̀ tí omi tutù, tí ọmọ fẹ́ sá, ìgbà yẹn gan-an ló nílò èèyàn.

Tẹ́ ẹ bá ní àbúrò tó ń lúwẹ̀ẹ́, ẹ sìn ín lọ lọ́sẹ̀ yìí. Ó dìgbà o.