Irin, Iná àti Omi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò lè pọ́n ara rẹ̀. Òkúta ni yóò pọ́n ọn. Níbi tí òkúta àti irin bá sì ti ń ha ara wọn, ooru kò ní ṣàìsí níbẹ̀. Ooru yìí ni ọ̀tá ojú irin, bẹ́ẹ̀ iná ni ó kọ́kọ́ fún irin ní líle rẹ̀. Ìtàn irin àwọn tí ń gbẹ́ igi lórí ẹ̀rọ tí ń yí bírí, àwọn tí ń ṣe ẹsẹ̀ àga, abọ́ àti àwo, fi èyí hàn kedere.

Ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Láàárín ọdún 1740 sí 1750, Benjamin Huntsman, ẹni tí ń ṣe aago, rí ọ̀nà láti yọ́ akọ irin nínú ìkòkò amọ̀ kí ó lè dọ́gba látòkèdélẹ̀. Irú irin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń rọ irin ìgbẹ́gi. Alágbẹ̀dẹ a fi í sínú iná títí yóò fi pupa, a tì í bọ omi, a sì le gan-an. Ṣùgbọ́n a máa tètè ṣẹ́. Nítorí náà, yóò tún yá iná díẹ̀ fún un, yóò sì máa wo àwọ̀ tí ń rìn lójú rẹ̀. Ní ìwọ̀n 230 lórí òṣùwọ̀n Celsius, a rí bí koríko gbígbẹ. Bí ooru ti ń pọ̀ sí i, a di àwọ̀ ilẹ̀, a di elésè àlùkò. Ní nǹkan bí 300, a di aró. Ojú tí ó bá ti di aró ti rọ̀ jù. Ẹni tí ó rí aró nígbà tí ó ń pọ́n irin rẹ̀ lè ha àwọ̀ náà kúrò, ṣùgbọ́n líle kò ní padà. Àfi kí ó pọ́n ọn kọjá ibi tí ooru dé.

Omi ni ààbò nígbà náà. Òkúta yanrìn ńlá tí agbára odò ń yí ni wọ́n fi ń pọ́n irin, ìsàlẹ̀ òkúta náà a sì wà nínú omi. Omi gba ooru, ó sì gba eruku pẹ̀lú. Ní Sheffield kan náà, àwọn tí ń pọ́n fọ́ọ̀kì lórí òkúta gbígbẹ ń fa eruku sínú. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò pé ogójì ọdún kí wọ́n tó kú. Oníṣègùn Arnold Knight kọ̀wé nípa àìsàn wọn ní 1830. Àwọn tí ń lo omi kò bọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n wọ́n pẹ́ láyé jù wọ́n lọ.

Nígbà tí iná mànàmáná dé, òkúta kékeré gbígbẹ tí ń yí ní nǹkan bí 3,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan gba ipò òkúta ńlá. Ojú irin tín-ín-rín kò nípọn tó láti gbé ooru lọ, nítorí náà kì í pẹ́ di aró. Oníṣẹ́ wá ń gbé agolo omi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń ki irin bọ̀ ọ́ léraléra.

Ṣùgbọ́n irin fúnra rẹ̀ ń yí padà. Ní 1868, Robert Mushet fi tungsten sí irin, ó sì rí i pé ó ń le láìbọ omi. Láàárín 1898 sí 1900, Frederick Taylor àti Maunsel White, ní Bethlehem ní Amẹ́ríkà, gbé irú irin bẹ́ẹ̀ sínú iná tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ ọ. Ohun tí àwọn alágbẹ̀dẹ kà sí ìbàjẹ́ irin ni wọ́n ṣe. Síbẹ̀, ní ìpàtẹ ńlá ti Paris ní 1900, irin wọn ń gé irin mìíràn nígbà tí ojú rẹ̀ pupa bí ẹ̀yinná. Kì í rọ̀ títí ooru yóò fi sún mọ́ 600. Kí ọgọ́rùn-ún ọdún ogún tó parí, ó ti wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn agbẹ́gi orí ẹ̀rọ.

Aró lójú irin tuntun yìí kì í ṣe àmì pé ó ti rọ̀. Kódà, bí a bá kì í bọ omi lójijì nígbà tí ó gbóná gan-an, ojú rẹ̀ lè sán. Òfin àwọn àgbà Sheffield kì í ṣe irọ́. Irin tí wọ́n ṣe òfin fún ni ó yàtọ̀. Ẹni tí irin méjèèjì bá wà nínú àpótí rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ó mú lọ́wọ́ kí ó tó ka àwọ̀ rẹ̀. Bí a bá jogún òfin, ó yẹ kí a jogún ìdí rẹ̀ pẹ̀lú. Ire méjì ni omi orí òkúta ń ṣe: ọ̀kan fún irin, ọ̀kan fún àyà ẹni tí ń pọ́n ọn. Irin tuntun lè wà láìsí omi. Ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn kò yí padà. Ẹni tí yóò bá pọ́n irin ní gbígbẹ, kí ó bo imú rẹ̀.