Òjìji tí Ó Gba Ọ̀nà Àǹkàrá Kọjá: Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọjọ́ tí Òṣùpá Bo Oòrùn

Ọjọ́rú, ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006 ni. Ọjọ́ méjì péré ni ó tíì kọjá tí ètò ìkànìyàn parí, èyí tí ó há ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà mọ́lé láti ọjọ́ 21 títí di ọjọ́ 27 oṣù náà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá díẹ̀, òṣùpá gba iwájú oòrùn kọjá. Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ dínkù, ó dà bí ìgbà tí òjò fẹ́ rọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò ṣú. Díẹ̀ lára ojú oòrùn ṣẹ́kù tí òṣùpá kò bò. Kí ó tó di ọ̀sán gangan, ohun gbogbo ti padà sípò, oníkálukú sì ti ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ibi tí ilẹ̀ ti ṣú gan-an kò jìnnà. Accra, tí àwọn àgbà ń pè ní Àǹkàrá, wà lójú ọ̀nà òjìji náà; bẹ́ẹ̀ ni Lomé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn apá kan ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ojú ọ̀nà yìí fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 180, ó sì gùn láti etí òkun Brazil títí dé Mongolia. Ẹ̀yìn ààlà rẹ̀ ni Ògbómọ̀ṣọ́ bọ́ sí. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní àná ọjọ́ náà ì bá ti dé ibi tí ọ̀sán ti di òru fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ǹjẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta tó ohun tí ènìyàn ń torí rẹ̀ san owó ọkọ̀ kọjá bodè?

Ìṣirò ni ó máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí òṣùpá bá bo ìdá 90 nínú 100 ojú oòrùn, ọ̀pọ̀ ènìyàn a gbà pé àwọn ti rí ìdá 90 ohun tí ó wà níbẹ̀ láti rí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Oòrùn mọ́lẹ̀ ju òṣùpá àrànmọ́jú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 400,000. Bí ó bá ku ìdá kan péré nínú 100, ìmọ́lẹ̀ tí ó ṣẹ́kù ṣì tó ti òṣùpá àrànmọ́jú 4,000. Ọ̀sán ni ìyẹn ṣì jẹ́. Ìgbà tí ìdá kan yẹn bá bọ́ sẹ́yìn òṣùpá ni ojú ọ̀run máa ń ṣú lójijì, tí àwọn ìràwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ jù yóò yọ, tí adìẹ yóò máa wá ibi tí yóò wọ̀ sí. Nígbà náà ni ìmọ́lẹ̀ kan, tí ó funfun bí irun arúgbó, yóò tú jáde yí òṣùpá dúdú náà ká. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó yí oòrùn ká ni. Ojoojúmọ́ ni ó wà níbẹ̀. Títàn oòrùn fúnra rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ojú rí i.

Oòrùn fẹ̀ ju òṣùpá lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 400, ó sì jìnnà sí ilé ayé jù ú lọ ní ìwọ̀n ìlọ́po kan náà. Ìdí nìyí tí kékeré fi lè bo ńlá mọ́lẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ tóóró ni. Jean Meeus, ọmọ Belgium tí ó jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú ìṣirò ojú ọ̀run, ṣírò rẹ̀ pé, ní ìpíndọ́gba, nǹkan bí ọdún 375 ni ojú kan náà yóò fi dúró kí òjìji tó padà bá a. Ẹni tí ó bá jókòó sílé dè é lè kú kí ó tó dé.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tẹ́ńbẹ́lú ohun tí ó dé Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ náà. Lábẹ́ igi mángòrò, tí ìlú náà ní lọ́pọ̀lọpọ̀, àlàfo kọ̀ọ̀kan láàárín ewé a máa ju àwòrán oòrùn sílẹ̀. Bí òṣùpá bá ti jẹ nínú oòrùn, àwọn àwòrán náà á di dòjé kéékèèké káàkiri orí iyẹ̀pẹ̀. Ẹni tí ó ń wo ilẹ̀ kò nílò gíláàsì kankan. Ẹni tí ó bá gbójú sókè láìsí gíláàsì tí wọ́n ṣe fún un ni ewu wà fún, nítorí oòrùn a máa jó ẹ̀yìn ẹyinjú láìdunni, a kì í sì í mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Omi inú abọ́ tí àwọn kan ń wo òjìji oòrùn nínú rẹ̀ kò dáàbò bo ojú.

Ìtàn ìlú náà ni ó mú kí ọ̀ràn ìrìn àjò 2006 yìí tayọ ti owó ọkọ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1947, òjìji mìíràn ti gba ọ̀nà yìí rí. Ó ti Chile bẹ̀rẹ̀, ó la Brazil kọjá, níbi tí ikọ̀ onímọ̀ láti Amẹ́ríkà ti pàgọ́ dè é ní Bocaiúva. Ó ré òkun kọjá, ó sì gba Liberia, Ivory Coast, Gold Coast, Tógò àti Dàhòmì wọ Nàìjíríà lọ́sàn-án. Ní ìhà ibí, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ó rí i kò pinnu ìrìn àjò kankan. Òjìji ni ó wá bá wọn nídìí iṣẹ́. Ọjọ́ náà di òǹkà. Ìyá tí kò mọ̀wé a máa fi í wọn ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀.

Ọ̀nà tí òjìji náà gbà yìí, ọ̀nà òwò àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Láti ìgbà ìjọba amúnisìn ni wọ́n ti ń tẹ̀lé àwọn ará Ìlọrin, Ọ̀fà àti Ṣakí lọ sí Gold Coast, tí wọ́n ń tajà láti ọjà dé ọjà títí dé òkè àríwá ilẹ̀ náà. Wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ síbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ fi ọjà àti ilé sílẹ̀, wọ́n sì ń bọ̀ wá sílé pẹ̀lú ẹrù tí wọ́n rí gbé. Fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀, a kì í kàn dédé dárúkọ Àǹkàrá kí ọkàn má gbọgbẹ́. Kí ènìyàn tún ọ̀nà yẹn rìn torí òkùnkùn ìṣẹ́jú mẹ́ta kì í ṣe ìpinnu kékeré, ẹni tí ó bá sì kọ̀ láti lọ kò ṣọ̀lẹ.

Ẹ̀rù náà tún wà níbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2001, nígbà tí òjìji ilé ayé bo òṣùpá, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Maiduguri dá rúgúdù sílẹ̀, wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ àwọn kan ni ó fà á. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù fi kọ́ni lórí rẹ̀ yàtọ̀: oòrùn àti òṣùpá kì í ṣókùnkùn nítorí ikú ẹnikẹ́ni, ìrun sì wà tí a ń kí fún un.

Ẹni tí ó rìnrìn àjò tí ó lókìkí jù nítorí òjìji ní ìtòsí wa, Arthur Eddington láti Cambridge ni. Ó kúrò ní England ní oṣù Kẹta ọdún 1919, ó gúnlẹ̀ sí erékùṣù Príncipe ní oṣù Kẹrin, ó sì dúró títí di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún. Òjò rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìkùukùu bo púpọ̀ nínú ìṣẹ́jú márùn-ún tí ó bá wá. Nínú àwòrán 16 tí ó yà, méjì péré ni ó wúlò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sobral ní Brazil rí àwòrán tí ó dára yà, àpapọ̀ iṣẹ́ wọn ni ó sì gbé orúkọ Einstein dé gbogbo ayé.

Ìpinnu náà tún ń bọ̀ báyìí. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 2027, òjìji yóò la àríwá Áfíríkà kọjá. Luxor ní Íjíbítì yóò ṣókùnkùn fún ohun tí ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́fà, níbi tí ìkùukùu kì í ti í sábà sí lóṣù Kẹjọ. Mẹ́kà náà wà lójú ọ̀nà, Hájì ọdún náà yóò sì ti parí tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní Umrah lọ́kàn lè so méjèèjì pọ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá gbé e lè dúró de ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 2034, nígbà tí òjìji yóò ti Àtìláńtíìkì wọ Nàìjíríà láàárọ̀, kí ó tó kọrí sí Cameroon àti Chad. Máàpù ọ̀nà náà ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ní sí bodè kankan láti kọjá. Ibùdókọ̀ ni ìrìn àjò náà yóò ti bẹ̀rẹ̀.