Aṣọ Obìnrin Gẹ́gẹ́ Bí Ohun Òwò: Julian Eltinge, Danny La Rue àti Ọ̀rọ̀ Owó Nínú Eré Orí Ìtàgé

Ìfáárà

Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń jíròrò lórí ọkùnrin tó ń múra bí obìnrin lórí ìtàgé, ìwà àti ẹwà ni wọ́n sábà máa ń yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ àtijẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ yọ. Irú eré bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá, nítorí pé àwọn ọ̀jẹ̀ ọkùnrin ló ń gbé ìyàwó àti panṣágà jáde nínú eré eégún aláré. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ agbo ni ti eégún aláré. Ìdílé ló ń jogún agọ̀ àti iṣẹ́ náà. Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún ogún, ọ̀tọ̀ ni ètò tiwọn. Òṣèré fúnra rẹ̀ ni oníṣòwò, ara rẹ̀ àti aṣọ ọrùn rẹ̀ sì ni ọjà tó ń tà. Ìgbésí ayé àwọn méjì tó rí owó ńlá nínú iṣẹ́ yìí fi hàn pé rírí owó níbẹ̀ kò nira tó pípa á mọ́.

Bí owó ṣe ń wọlé fún Eltinge

William Julian Dalton ni orúkọ àbísọ Julian Eltinge. Ìpínlẹ̀ Massachusetts ni wọ́n ti bí i ní 1881. Ní 1904 ó farahàn ní Broadway nínú eré Mr. Wix of Wickham. Nígbà tó fi máa di 1906, ó ti ń ṣeré ní Palace Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ‘Eltinge’ nìkan ni wọ́n máa ń kọ sára ìwé ìpolówó. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò rò pé obìnrin ló ń kọrin, títí yóò fi ṣí wíìgì kúrò lórí nígbà tí eré bá parí. Ìyanu ìṣẹ́jú kan yẹn ni àwọn ènìyàn ń sanwó fún.

Ìnáwó tó wà lẹ́yìn ìyanu yìí kò kéré. Nǹkan bíi wákàtí méjì ló máa ń gbà kí ó tó múra tán. Ọkùnrin ọmọ ilẹ̀ Japan kan wà tó gbà síṣẹ́ láti máa bá a fún ìgbànú mọ́ ìbàdí, kí ó sì máa bá a kun ojú àti ọwọ́. Àwọn aṣọ rẹ̀ kì í ṣe aṣọ ẹ̀fẹ̀ tí èèyàn lè fi àkísà gán pọ̀. Aṣọ olówó ńlá ni wọ́n, wọ́n sì ní láti bá àṣà tó ń lọ lọ́wọ́ mu, nítorí pé àwọn obìnrin tó wá wòran mọ aṣọ. Ẹni tí ẹwà jẹ́ ọjà rẹ̀ kò lè wọ aṣọ èṣí.

Eltinge mọ̀ pé àwọn obìnrin wọ̀nyí jẹ́ oníbàárà fún ohun mìíràn pẹ̀lú. Ó gbé ìwé ìròyìn jáde ní orúkọ ara rẹ̀, níbi tó ti ń kọ́ wọn ní ìtọ́jú ara àti ojú, tí ó sì ń polówó ìpara. Bákan náà, ó ń rí i dájú pé àwọn oníròyìn ya àwòrán òun níbi tí òun ti ń ja ẹ̀ṣẹ́ tàbí tí òun ń mu sìgá. Ọ̀pọ̀ ti bu ẹnu àtẹ́ lu èyí pé àṣehàn lásán ni. Àṣehàn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ odi tó mọ yí òwò rẹ̀ ká: bí aráàlú bá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí i kúrò lórí ìtàgé, owó ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ti wọ ewu.

Eré The Fascinating Widow tó jáde ní 1911 ló sọ ọ́ di olókìkí jákèjádò Amẹ́ríkà. Ní 1912, A. H. Woods, agbátẹrù eré náà, kọ́ gbọ̀ngàn eré kan sí òpópónà 42 ní New York, ó sì pè é ní Eltinge Theatre. Iyì ńlá ni. Síbẹ̀, orúkọ Eltinge ló wà lára ilé. Woods ló ni òwò inú rẹ̀. Eré ẹlòmíràn, Within the Law, ni wọ́n fi ṣí i.

Ohun tó gbé owó lọ

Lẹ́yìn tí Eltinge wọ iṣẹ́ sinimá ní 1917, ó kọ́ ilé ràgàjì kan, Villa Capistrano, sí Los Angeles. Nígbà tí ọjà ìpín-ìdókòwò dojú dé ní 1929, púpọ̀ nínú ọrọ̀ rẹ̀ bá a lọ. Ìgbà yẹn gan-an ni sinimá tó ń sọ̀rọ̀ ń pa àwọn gbọ̀ngàn eré kéékèèké run. Ọjọ́ orí rẹ̀ súnmọ́ àádọ́ta, ó ti sanra. Ọjà ara kò sì ṣe é kó pamọ́ dọjọ́ iwájú.

Ìjákulẹ̀ tó burú jù lọ wá láti ọ̀dọ̀ òfin. Ní 1940, ilé ìgbafẹ́ alẹ́ kan gbà á síṣẹ́ ní Los Angeles, níbi tí òfin ti ka ìmúra bí obìnrin léèwọ̀ fún ọkùnrin. Ó bẹ àwọn aláṣẹ ọlọ́pàá fún ìyọ̀ǹda, wọ́n kọ̀. Ó wọ kóòtù ọkùnrin, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn aṣọ rẹ̀ tí wọ́n fi kọ́, ó sì ń ṣàlàyé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan fún àwọn òǹwòran. Irinṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, kò sì gbọdọ̀ lò ó. Ó kú ní New York ní oṣù kẹta 1941, ní ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta.

Danny La Rue

Ọ̀ràn ẹnì kejì yàtọ̀ díẹ̀. Ìlú Cork ní Ireland ni wọ́n bí Danny La Rue sí ní 1927, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì ti ṣiṣẹ́. Kò dúró de agbátẹrù kankan láti fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé. Ní 1964, ó ṣí ilé ìgbafẹ́ tirẹ̀ sí Hanover Square ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn gbajúmọ̀ sì ń wọ́ lọ síbẹ̀. Ó wá fi èrè rẹ̀ ra Walton Hall, ilé ńlá àtijọ́ kan ní Warwickshire, kí ó lè sọ ọ́ di òtẹ́ẹ̀lì. Ó ná owó tó ju mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ lé e lórí.

Èrò yìí bọ́gbọ́n mu, nítorí pé ilé kì í darúgbó bí ojú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kì í ṣe iṣẹ́ ìtàgé, kò sì ṣeé fi ojú òṣèré mójú tó. Ní 1983, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn gbájúẹ̀ nídìí òwò náà, owó ńlá náà sì ṣègbé. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ikú mú Jack Hanson lọ, ẹni tó ti ń bá a ṣètò iṣẹ́ àti ìgbésí ayé rẹ̀ láti nǹkan bí ogójì ọdún. La Rue ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́ta nígbà náà. Ó padà sórí ìtàgé, láti ìlú dé ìlú, pẹ̀lú wíìgì àti aṣọ oníyẹ̀ẹ́ lọ́rùn, títí àìsàn fi dá a dúró ní 2006.