Ọjọ́ Tí Metformin Da Inú Màmá Mi Rú

Ohun tí màmá mi rò fún mi, èyí tí ọmọ tó ń bá wọn tajà fojú rí, àti àwọn ìpè orí fóònù wọn ni mo fi to ọjọ́ yìí pọ̀. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí àwọn alátọ̀gbẹ míì da oògùn wọn nù, tí àrùn náà á sì máa ba ara wọn jẹ́ lábẹ́lẹ̀.

5:30 àárọ̀. Màmá mi, tí wọ́n ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà n'Íbàdàn, da ẹyọ metformin méjì, oògùn àtọ̀gbẹ wọn, sí àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 500 mílígíráàmù. Dókítà ní kí wọ́n fi ẹyọ kan bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ṣùgbọ́n ẹyọ méjì ni aládùúgbò wa ń lò láràárọ̀, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Màmá mi fi omi gbé e mì, láìjẹun.

7:15. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nínú mọ́tò. Metformin ń dín ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ kù, ó sì ń jẹ́ kí ínsúlíìnì ríṣẹ́ ṣe dáadáa. Àmọ́ ó máa ń yọ ìfun lẹ́nu, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó tún bá inú òfìfo, wàhálà ọ̀hún á le sí i.

9:20. Oníbàárà kan ń retí kọ́ńgò kẹrin. Màmá mi fi kọ́ńgò sílẹ̀ sínú èlùbọ́, wọ́n di ìró mú, wọ́n sáré lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru ni.

12:00. Wọ́n fẹnu kan mọ́ínmọ́ín, wọ́n tu ú dànù. “Ó dà bí ẹni pé mo fi kọ́bọ̀ sẹ́nu.” Metformin máa ń fi ìtọ́wò irin sẹ́nu ẹlòmíràn.

12:40. Ó rẹ̀ wọ́n, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Ọmọ tó ń bá wọn tajà rò pé ṣúgà ti já wálẹ̀, ó fẹ́ sáré ra mínírà. Ẹni tó wà ní ìṣọ̀ kejì mú ẹ̀rọ tó fi ń wọn ṣúgà jáde, ó gún wọn níka: 196. Ṣúgà ò lọ sílẹ̀ rárá. Metformin nìkan kì í sábà já ṣúgà wálẹ̀ jù. Àwọn oògùn àtọ̀gbẹ bíi glibenclamide àti ínsúlíìnì ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Omi ara ló ti dín kù.

1:30. Ẹnì kan gbé àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ wá. Orí ló ní kí n pè lásìkò yẹn. “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu ún!” Bí omi bá tán lára, tí ọtí tún gun metformin, pàápàá lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò dáa, ásíìdì tí wọ́n ń pè ní lactic acid lè kún inú ẹ̀jẹ̀. Kò wọ́pọ̀, àmọ́ ó ń pani. Mímí gúlegúle, iṣan dídùn, oorun àsùnùjí: bí a bá rí wọn, ilé ìwòsàn yá.

2:00. Mo lọ bá apoògùn ní kẹ́mísì, mo gbé fóònù fún un. “Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹyọ mélòó lẹ lò? Kí lẹ jẹ sí i?” Kò tíì sẹ́ni tó bi wọ́n bẹ́ẹ̀ látàárọ̀. Ó ní kí wọ́n máa mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò fún ìgbẹ́ gbuuru díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n má sì lo metformin mìíràn títí dókítà á fi sọ̀rọ̀.

4:30. Dókítà ní bí inú bá ti rọlẹ̀, kí wọ́n padà sí ẹyọ kan pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́, kí àfikún máa wá díẹ̀díẹ̀. Bí ìyọnu ò bá lọ, irú metformin tó ń tú sínú ara pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wà. Odidi ni wọ́n ń gbé e mì, a kì í lọ̀ ọ́.

8:00 alẹ́. Aládùúgbò wa wá kí wọn. Ó ní ẹsẹ̀ òun ń kú tipiri, ó kà á sí àtọ̀gbẹ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ bí metformin bá pẹ́ lára, ó lè dín fítámì B12 kù, ìyẹn náà sì ń mú ẹsẹ̀ kú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa fi hàn, B12 sì ṣeé fi kún ara. Mo bẹ̀ ẹ́ kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Láti 1957 tí dókítà Faransé Jean Sterne ti tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí metformin ni oògùn náà ti ń ran alátọ̀gbẹ lọ́wọ́. Bí ó bá yọ ẹ́ lẹ́nu, má dá a dúró fúnra rẹ kó o sì dákẹ́. Sọ iye tó o lò, ìgbà tó o lò ó àti ohun tó o jẹ sí i fún dókítà. Ìwọ̀n tó bá ara ẹlòmíràn mu lè má bá tìrẹ mu.