Ọ̀nà tí Reluwé Kò Gbà

Bí ènìyàn bá gbéra ní Mókólá ní ìlú Ìbàdàn, tí ó gba Sángo àti Òjòó, tí ó kọjá Mọ́níyà, Akínyẹlé, Ìrókò, Fìdítì àti Ìlọrà, Ọ̀yọ́ ni yóò bá ara rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 50 lé díẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà á lọ sí ọjà, sí ilé ẹ̀kọ́ àti sí òde àríyá láìmọ̀ pé ó wà lára àwọn ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ọdún 1906 ni.

Kí mọ́tò tó dé, ọ̀nà ẹsẹ̀ ni, kò sì pẹ́ láyé tó bí àwa ọmọ ìsinsìnyí ṣe lè rò. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú, àwọn ènìyàn sá wá sí ìhà gúúsù. Àwọn ọmọ ogun tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1829. Lẹ́yìn náà ni Àtìbà sọ Àgọ́ Ọ̀jà di Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí. Nítorí náà, ìlú méjì tí àjálù kan náà bí ni ọ̀nà yìí so pọ̀. Ọ̀kan ní ọba, èkejì ní ogun. Ìjàyè pẹ̀lú ní agbára nígbà náà, kò sì jìnnà sí wọn, títí Ìbàdàn fi pa á run ní 1862. Ní 1893 Ìbàdàn bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn, ọdún méjì péré lẹ́yìn rẹ̀ ni Bower, Ajẹ́lẹ̀ wọn, yin ìbọn ńlá lu ìlú Ọ̀yọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ reluwé dé. Ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní ìparí ọdún 1900, wọ́n sì ṣí i ní 1901. Ẹni tí ó bá wo àwòrán ilẹ̀ yóò rò pé Ọ̀yọ́, ìlú Aláàfin, ni yóò kàn. Rárá o. Ojú irin yà sí ọ̀tún, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì dé Ìlọrin ní 1908. Ọ̀yọ́ kò gbọ́ fèrè rẹ̀.

Mọ́tò ni wọ́n fi tu Ọ̀yọ́ nínú. Gómìnà Walter Egerton fẹ́ràn ọ̀nà púpọ̀, Elgee sì ni Ajẹ́lẹ̀ ní Ìbàdàn nígbà náà. Ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbé mọ́tò sí ojú ọ̀nà náà láti máa kó èrò àti ẹrù. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tàn wá pé ìfẹ́ Ọ̀yọ́ ni ó mú wọn ṣe é. Ẹ̀kùrọ́, òwú àti àwọn irè oko mìíràn ni wọ́n fẹ́ kó dé ìdí reluwé, kí ó lè dé etíkun. Bí odò kékeré tí ń ṣàn sínú odò ńlá ni wọ́n ṣe la ọ̀nà náà.

Ta ni ó sì là á? Kò sí katakata nígbà náà. Ọkọ́, àdá àti agbọ̀n ni. Àwọn ọba àti baálẹ̀ ni ìjọba máa ń sọ fún pé kí wọ́n kó ènìyàn jáde fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ àwọn òyìnbó wà nínú ìwé. Èmi kò tíì rí orúkọ ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n ru erùpẹ̀. Lójú tèmi, àwọn ni ó ni ọ̀nà náà.

Ọ̀nà yìí tún di ọ̀nà àṣẹ. Ní 1914, wọ́n gbé olú ìlú ẹkùn kúrò ní Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, níbi tí Ross jẹ́ Ajẹ́lẹ̀, wọ́n sì fi Ìbàdàn sí abẹ́ Ọ̀yọ́. Ìbàdàn tí ó ti ń dá ogun jà tipẹ́tipẹ́! Ó dun àwọn ìjòyè rẹ̀ gan-an pé Ọ̀yọ́ ni ọ̀rọ̀ ìlú wọn ti ń wá. Ross fẹ̀yìn tì ní 1931. Ní 1934 ni Ìbàdàn tó gba òmìnira lọ́wọ́ Ọ̀yọ́. Àwọn àgbà méjèèjì ṣì ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀fẹ̀ fún ara wọn, ẹ̀fẹ̀ náà kì í sì í jẹ́ ẹ̀fẹ̀ lásán nígbà mìíràn.

Àwọn ìlú àárín ọ̀nà kò bá ọba tàbí Ajẹ́lẹ̀ du nǹkan kan. Ọjà ni wọ́n ń tà. Ní ayé bọ̀lẹ̀kájà, mọ́tò kò lè sáré kọjá Fìdítì láìdúró, àwọn obìnrin a sì sáré yí i ká pẹ̀lú ọsàn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìyá ìyá mi wà lára wọn. Ó sọ fún mi pé àwọn mọ ohùn ẹ́ńjìnnì mọ́tò kọ̀ọ̀kan kí ó tó yọ. Ní April 1972, tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò ní apá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún, ńṣe ni wọ́n kó àtẹ wọn sọdá títì. Owó ọsàn tí wọ́n ń pa lẹ́bàá títì ni ó rán ìyá mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama.

Nísinsìnyí, ọ̀nà ńlá oníbejì tuntun ti wà, ó sì gba ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú wọ̀nyí kọjá. Ó yá, ó sì gbòòrò, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mọ́tò tí ń lọ sí Ìlọrin kò ní ìdí láti wọ Fìdítì mọ́, ọsàn a sì máa rọ lórí àtẹ. Àwọn kan ń pe títì tiwa ní ọ̀nà àtijọ́. Kò tíì di àtijọ́ fún aláboyún tí ń lọ sí ilé ìwòsàn, tàbí fún àgbẹ̀ tí ó ní ẹrù ní Jọbẹlẹ. Bí wọ́n bá ń dí kòtò ọ̀nà tuntun, kí wọ́n dí ti èyí náà.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní 2021 tí ó pa mí lẹ́rìn-ín. Reluwé tuntun láti Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ibùdókọ̀ rẹ̀ tí ó kẹ́yìn sì wà ní Mọ́níyà, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ gan-an. Ó ti sún mọ́ wa díẹ̀ ju ti 1901 lọ. Ẹni tí ó bá sọ̀ níbẹ̀ tí ó ń lọ sí Ọ̀yọ́, mọ́tò ni yóò wọ̀.