Ìwé Nìkan Kọ́ Ló Ń Sọ Abúlé Di Ìlú



Ní ìjelòó, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti yunifásítì tí ó wà ní Ìjagun, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde níhìn-ín, wá kí mi nílé. Ó ní àwọn olùkọ́ òun ní kí àwọn kọ nípa ìlú tí àwọn ń gbé. Ó ti ka ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999. Ó rí orúkọ ìpínlẹ̀ 36 níbẹ̀, ó rí orúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀, tí gbogbo wọn jẹ́ 774 bí a bá ka ti Abuja mọ́ wọn, ṣùgbọ́n kò rí Ìjagun. Ó wá bi mí pé, "Bàbá, ọjọ́ wo gan-an ni Ìjagun di ìlú? Ta ni ó fọwọ́ sí i?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí ó lọ tán, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé. Ohun tí mo rò nípa rẹ̀ ni mo kọ síhìn-ín.

Ó ní ilẹ̀ tí ìbéèrè rẹ̀ ti bá ilẹ̀ náà mu. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, ọba ni ó ń fi ìwé àṣẹ sọ ibùgbé di ìlú. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni Ọba John fún Liverpool ní ọdún 1207. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ìlú tí ó bá gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá dà bí ẹni kan lójú òfin wọn: ó lè ní ilẹ̀ tirẹ̀, ó lè pe ẹjọ́, a sì lè pè é lẹ́jọ́. Ní Amẹ́ríkà títí di òní, lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ ni ìlú ti ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ìwé wọn yóò rò pé níbi tí kò bá ti sí ìwé, kò sí ìlú.

Lọ́dọ̀ tiwa, ilẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń bá sọ̀rọ̀. Kí àwọn àgbà tó tẹ ibìkan dó, wọn a dá Ifá wò bóyá ibẹ̀ yóò gbè wọ́n. Ifá yóò sọ ẹbọ, yóò sọ èèwọ̀, yóò sọ òrìṣà tí wọn kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Wọn a gbin pẹ̀rẹ̀gún sí ojúbọ, wọn a fi Èṣù sí ẹnu ọ̀nà àti ọjà. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ohun mìíràn tún wà tí a fi ń mọ̀ pé abúlé ti kúrò ní abà oko, tí ó ti di ìlú: ìlédì Òṣùgbó. Níbi tí ìlédì bá wà, àwọn àgbà ibẹ̀ ti mulẹ̀, wọ́n lè dá ẹjọ́, ọ̀rọ̀ wọn sì ní ẹ̀rí tí kò ṣe é sẹ́, nítorí pé Ilẹ̀ ni ẹlẹ́rìí.

Ẹ jẹ́ kí a yà sọ́dọ̀ Ọ̀ṣẹ́túrá, nítorí pé Odù yìí ni ó sọ bí a ṣe ń tẹ ibùgbé dó jù lọ. Ifá sọ fún wa níbẹ̀ pé nígbà tí àwọn irúnmọlẹ̀ ń bọ̀ láti ọ̀run wá tún ayé ṣe, mẹ́tàdínlógún ni wọ́n; mẹ́rìndínlógún jẹ́ ọkùnrin, Ọ̀ṣun nìkan ni obìnrin. Wọ́n dé, wọ́n la igbó Orò, wọ́n la igbó Ọ̀pá, wọ́n pín iṣẹ́ láàárín ara wọn, ṣùgbọ́n wọn kò fi ti Ọ̀ṣun ṣe. Ohun tí wọ́n dáwọ́ lé kò yọrí. Òjò kọ̀, àgàn kò bí, àṣẹ wọn kò ṣẹ. Wọ́n padà lọ bá Olódùmarè, ó sì bi wọ́n léèrè ẹnì kẹtàdínlógún wọn. Ìgbà tí wọ́n bẹ Ọ̀ṣun ni ilé ayé tó gún. Ọmọ tí ó wà nínú rẹ̀ nígbà náà, tí ó sì bí, ni Ọ̀ṣẹ́túrá.

Àwọn kan máa ń ka ẹsẹ yìí sí ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí, ṣùgbọ́n ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Olúwo tí ó kọ́ mi ní Ifá a máa sọ pé òfin ìlú ni. Ìlú tí ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tí ó ni ín kò bá sí nínú ìmọ̀ràn rẹ̀, àṣẹ ibẹ̀ kò ní ṣẹ, bí àwọn tí ó jókòó tilẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlógún.

Ẹ wo bí àwọn Ìjẹ̀bú ṣe to ìlú wọn, ẹ óò rí Odù náà níbẹ̀. Ìdílé ni ìpìlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó di ìtún, ìtún kọ̀ọ̀kan sì ní olórí tirẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn Ìlámùrẹn, tí Olísà jẹ́ aṣáájú wọn, ni ìjòyè ńlá tí ó ń bá Awùjalẹ̀ gbìmọ̀. Àwọn Odì ni ó ń ṣe ètò ààfin. Pàǹpá ni ẹnu àwọn ará ìlú tí kò joyè; ọ̀rọ̀ ọjà àti òwò kì í kọjá lẹ́yìn wọn. Òṣùgbó, pẹ̀lú Olíwo àti Àpènà, ni ilé ẹjọ́ àgbà, Erelú sì jókòó níbẹ̀ fún àwọn obìnrin. Àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, tí a ń pè ní régbérégbé, ni ó ń ṣe iṣẹ́ ìlú. Ìlú kékeré kò ní ààfin ńlá, ṣùgbọ́n ó ní olórí rẹ̀, ó ní ìlédì rẹ̀, ó ní àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀. Kò sí ọwọ́ kan tí ó lè dá gbé igbá náà.

Báwo ni àwọn ìlú kéékèèké yìí ṣe wá di ara kan pẹ̀lú Ìjẹ̀bú-Òde? Ẹ wo Àgẹmọ. Mẹ́rìndínlógún ni àwọn olórí Àgẹmọ, ìlú káàkiri Ìjẹ̀bú ni wọ́n sì ti ń wá: Tàmì láti Òdogbolú, Olúmoro láti Ìmoró, Pòsà láti Ìmọ̀sàn, Pẹ́tù láti Ìsíwọ̀, àti àwọn yòókù. Lọ́dọọdún, wọn a rin ìrìn wọn lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, Awùjalẹ̀ a sì bá wọn pàdé. Ọba kò fi ogun kó wọn jọ, kò sì fi ìwé kó wọn jọ. Ìlú kọ̀ọ̀kan mú ohun àìrí tirẹ̀ wá, ó sì tún gbé e padà sílé. Ìsopọ̀ tí kò gba nǹkan ẹni lọ́wọ́ ẹni nìyẹn.

Agbára tí a pín báyìí ní eyín. Nígbà tí ogun Ibadan àti Èkìtì ti mú kí ọ̀nà òwò dí fún ọdún púpọ̀, àárín Awùjalẹ̀ Afidipọ́tẹ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dàrú. Ní ọdún 1883, wọ́n lé e kúrò lórí ìtẹ́. Ó lọ sí Ẹ̀pẹ́, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọdún 1885. Ẹ fi ọdún 1883 náà sọ́kàn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ wá, wọ́n ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n, wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde ní ogúnjọ́ oṣù náà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ń sọ pé ọjọ́ náà ni agbára ọba tán. Ní tèmi, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òyìnbó ń wá ẹnì kan tí wọn yóò máa bá sọ̀rọ̀, wọ́n sì yan ọba. Nígbà tí ìlànà Lugard dé, tí ìjọba ń gba ẹnu ọba ṣe àkóso, orúkọ ọba ni ó wọ inú ìwé. Kóòtù ìbílẹ̀ gba ẹjọ́ kúrò ní ìlédì. Pàǹpá kò rí iṣẹ́ ṣe mọ́. Igbá tí ọwọ́ púpọ̀ ń gbé wá di ẹrù ẹnì kan, ẹni náà sì ń wo ojú ẹni tí ó gbé e lé e lórí. Ní ọdún 1929, wọ́n tún yọ Awùjalẹ̀ kan, Adénúgà Fọlágbadé. Lọ́tẹ̀ yìí, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó yọ ọ́. Ẹ fi 1929 wé 1883. Ọba kan kúrò lórí ìtẹ́ nígbà méjèèjì, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó ṣí i kúrò ti yí padà.

Òmìnira kò dá ohun tí ó sọnù padà. Òfin Ìjọba Ìbílẹ̀ ti Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1952 mú ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn wá, èyí sì dára lọ́nà tirẹ̀. Òfin Ìjòyè ti 1957 sọ pé ìwé ni a ó fi mọ ìdílé tí ó lè jọba àti àwọn afọbajẹ. Ní ọdún 1976, ọdún kan náà tí a dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, ìjọba ológun sọ ìjọba ìbílẹ̀ di ọ̀kan náà káàkiri Nàìjíríà. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀. A yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ kan máa ń ní ìlú púpọ̀ nínú. Láti ilé ìjọba ìbílẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ìlú kékeré, ọ̀nà ṣì jìn.

Mo rí èso rẹ̀ pẹ̀lú ojú mi. Ní àwọn ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n pè mí sí ìpàdé ìlú kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n ti ta ilẹ̀ ojúbọ. Ẹni tí ó tà á ní ìdílé òun ni ó ni ín, ó sì ní ìwé lọ́wọ́. Àwọn yòókù mọ̀ pé ti gbogbo ìlú ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí agbẹjọ́rò béèrè ẹni tí ó ń jẹ́ "gbogbo ìlú", wọ́n ń wo ara wọn lójú. Ìlédì ibẹ̀ ti wó, Àpènà ti kú, wọn kò fi ẹlòmíràn jẹ. Wọ́n ní kí n bi Ifá. Mo ní Ifá kò ní ṣe ẹlẹ́rìí fún ìlú tí kò jókòó pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọdún 2025 ṣì gbóná lára wa. Awùjalẹ̀ Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tí ó gun orí ìtẹ́ ní ọdún 1960, wàjà ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù keje. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n sin ín ní ìlànà ẹ̀sìn Mùsùlùmí. Òfin kan wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn tí ó gba ìdílé ọba láyè láti sin ín bí ẹ̀sìn rẹ̀ ti wí. Àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ bínú. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ó kú ni ó mọ ohun tí ó gbàgbọ́. N kò ní bu òkú, n kò sì ní bu ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Ọba náà ṣe dáadáa fún Ìjẹ̀bú. Ìgbà tirẹ̀ ni àwọn régbérégbé tún gbilẹ̀, tí Ojúde Ọba fi di ohun tí ayé ń wá wò. Ohun tí mo ń béèrè ni èyí: ṣé ọba jẹ́ ti ìdílé ni, àbí ti ìlú? Òfin ti dáhùn. Òṣùgbó ní ìdáhùn mìíràn, kò sì sí ibi tí a ti bi wọ́n.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ayé ìlú tí a fi ìmùlẹ̀ dá ti kọjá, kí ó wo òkè òkun. Ní ọdún 1970, àwọn ọmọ Adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà, tí Ọ̀ṣéìjẹ́mán Adéfúnmi jẹ́ olórí wọn, tẹ abúlé kan dó ní South Carolina, wọ́n sì pè é ní Ọ̀yọ́túnjí. Wọ́n kọ́ ojúbọ, wọ́n fi ọba jẹ, wọ́n sì ní Ògbóni tí ó ń bá ọba gbìmọ̀. Àwọn tí a ti já kúrò lára igi láti ọjọ́ pípẹ́ mọ ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwa tí a wà lórí gbòǹgbò ni a ń béèrè ìwé.

Mo padà sí Ìjagun. Láti ọdún 2005 tí yunifásítì ti wà níbẹ̀, àwọn ọmọ láti ibi gbogbo ni ó ń sùn níbẹ̀, tí wọ́n ń ra ọjà níbẹ̀. Orúkọ Táí Ṣólàrìn ni ilé ẹ̀kọ́ náà ń jẹ́, ẹni tí kò gba òrìṣà kankan gbọ́, tí kò sì fi ìgbà kan bẹ̀rù láti bi aláṣẹ ní ìbéèrè. Mo rò pé inú rẹ̀ ìbá dùn sí akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, àlejò lè pọ̀ ju onílé lọ. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò ni ó sábà máa ń sáré ọ̀rọ̀ iná, ojú ọ̀nà àti ọlọ́dẹ. Iṣẹ́ Pàǹpá àti régbérégbé ni wọ́n ń ṣe, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀. Kí a má ṣe fi wọ́n ṣẹ̀sín. Kí àwọn àgbà ìlédì pè wọ́n, kí wọ́n jókòó papọ̀. Kí a pe àwọn ìyálọ́jà. Kí a pe àwọn ayálégbé tí ó ti pẹ́, àti aṣojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ta ni ẹnì kẹtàdínlógún ní ìlú tìrẹ, ìwọ tí ò ń ka èyí? Òun ni kí o lọ bẹ̀.

Nígbà tí ọmọ náà bá padà wá, èsì mi nìyí: ìlú di ìlú ní ọjọ́ tí àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ dó mulẹ̀ pé àwọn kò ní da ara wọn. Àwọn ni ó fọwọ́ sí i, Ilẹ̀ sì jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ọwọ́ náà kì í ṣe ti ẹ̀ẹ̀kan, gbogbo ìran ni ó gbọ́dọ̀ tún un fi sí i.

Ifá á gbè wá o. Ilẹ̀ kò ní gbàgbé wa. Àṣẹ.