Kérésì ní Ouagadougou: Ilé amọ̀ àti bébà aláwọ̀ tí ọmọ Kìrìsìtẹ́nì àti ọmọ Mùsùlùmí jọ ń ṣe

Tí oṣù Kejìlá bá ti wọlé ní Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, àwọn ọmọdé á bẹ̀rẹ̀ sí po amọ̀ níwájú ọgbà ilé wọn, lẹ́bàá títì gan-an níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti lè rí wọn. Wọ́n á fi amọ̀ náà mọ ilé kékeré kan, wọ́n á kùn ún lọ́dà, wọ́n á sì gé bébà aláwọ̀ mèremère láti fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Inú ilé yìí ni wọ́n máa ń gbé ère Màríà, Jósẹ́fù àti Jésù ọmọ jòjòló sí. Crèche ni wọ́n ń pè é ní èdè Faransé.

Ẹni tó bá dúró wò ó, tó sì wù ú, á ju owó wẹ́wẹ́ sílẹ̀ fún wọn. Owó yìí làwọn ọmọ náà máa ń pín ná lọ́jọ́ ọdún.

Ohun tó máa ń ya àlejò lẹ́nu ni pé àwọn ọmọ Mùsùlùmí náà wà lára àwọn tó ń po amọ̀. Kò sì yẹ kó yani lẹ́nu. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2019, nǹkan bíi 64 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Burkina Faso ló jẹ́ Mùsùlùmí, àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì sì jẹ́ nǹkan bíi 20. Bíi ti ilẹ̀ Yorùbá ló rí: ẹ̀sìn méjì máa ń wà nínú agbo ilé kan ṣoṣo, oúnjẹ ọdún sì máa ń rìn láti ilé dé ilé.

Ibo ni àṣà yìí ti wá?

Orílẹ̀-èdè Ítálì ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1223, Francis ará Assisi kó koríko gbígbẹ, màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jọ ní abúlé Greccio kí àwọn ará ibẹ̀ lè fojú rí bí ìbí Jésù ṣe rí. Àṣà náà tàn ká ilẹ̀ Yúróòpù. Nígbà tí àwọn àlùfáà tí wọ́n ń pè ní Pères Blancs dé Ouagadougou lọ́dún 1901, Kérésì ìjọ Kátólíìkì bá wọn dé.

Àmọ́ ní Yúróòpù, inú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí yàrá ìgbàlejò ni crèche máa ń wà. Ní Ouagadougou, ó bọ́ síta. Lójú tèmi, ibí yìí gan-an ló ti di ti àwọn ará ìlú.

Amọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́lé láyé àtijọ́ níbẹ̀. Kódà Kàtídírà ńlá ìlú náà, tí wọ́n kọ́ láàárín ọdún 1930 sí 1939 lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Joanny Thévenoud, bíríkì amọ̀ ni. Àsìkò náà tún bá a mu: òjò ti dá láti oṣù Kẹwàá, ọyẹ́ ti ń fẹ́, amọ̀ á sì tètè gbẹ.

Àtùpà bébà létí òkun

Ouagadougou nìkan kọ́ ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ àti bébà ṣọdún ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ní Saint-Louis, Senegal, ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn, àwọn obìnrin olówó tí wọ́n ń pè ní signares máa ń lọ sí ìsìn òru Kérésì, tí àwọn ẹrú wọn á gbé àtùpà bébà síwájú wọn. Fanal ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tó yá, àtùpà di ọkọ̀ ojú omi àti ilé ńláńlá tí wọ́n fi bébà ṣe.

Ní Freetown, Sierra Leone, láti àwọn ọdún 1930 ni irú àtùpà yìí ti di ti ààwẹ̀ Ràmàdáánì. Àwọn ọ̀dọ́ á fi igi ṣe egungun rẹ̀, wọ́n á fi bébà bò ó, wọ́n á tan iná sínú rẹ̀, wọ́n á sì gbé e kiri ìgboro lóru. Ìlú yìí náà ni àwọn Oku ń gbé, ìyẹn àtọmọdọ́mọ àwọn Yorùbá Mùsùlùmí tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ohun tó jẹ́ ti Kérésì níbì kan ti di ti ààwẹ̀ níbòmíràn, bébà kan náà, iṣẹ́ ọwọ́ kan náà.

Kí ló ń dí i lọ́wọ́ báyìí?

Òde Burkina Faso ò fara rọ mọ́. Ní ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kínní ọdún 2016, àwọn agbébọn ṣe ìkọlù sí òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ kan láàárín Ouagadougou. Láti ìgbà náà, wọ́n ti pa olùjọsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti pa ti mọ́sálásí pẹ̀lú. Nígbà tó fi di oṣù Kẹta ọdún 2023, iye àwọn tí wọ́n ti sá kúrò nílé wọn ti lé ní mílíọ̀nù méjì, gẹ́gẹ́ bí ìjọba ṣe sọ. Èyí ló jẹ́ kí ọmọ Mùsùlùmí tó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ po amọ̀ níwájú ilé ju ọ̀rọ̀ eré ọmọdé lọ.

Ilé amọ̀ ọ̀hún fúnra rẹ̀ kì í pẹ́ láyé. Oòrùn á mú kí bébà ara rẹ̀ ṣá, tí òjò ọdún tuntun bá sì bẹ̀rẹ̀, amọ̀ náà á padà sílẹ̀. Ìdí nìyí tó fi ṣòro láti rí ti àtijọ́ kankan gbé sínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn tó mọ bó ṣe rí ni àwọn tó ti pò ó rí, ọ̀pọ̀ wọn sì ti di bàbá àti ìyá àwọn tó ń pò ó báyìí.